Ọwọ́ Tó Bu Omi fún Bàbá

Ẹ kú ilé o, Alhaja. Ẹ kú ìjókòó opó, ẹ kú ìfaradà àwọn tó ń wá bá yín kẹ́dùn tí wọn kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde. Èmi Bàsírátù, ọmọ yín obìnrin, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, lórí ilẹ̀ tó tutù débi pé eékún mi ti ń bẹ̀ mí kí n dìde. Mo kí Bùrọ̀dá Lùkúmọ́nù, ẹ̀gbọ́n mi, tó dúró tì yín nígbà tí èmi ò lè dúró. Mo kí ìyàwó wọn. Mo kí Hàbíbátù, ọmọ wọn, tó máa ń já fóònù gbà kó tó di pé àgbà kankan ráyè sọ̀rọ̀. Mo kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí Bàbá, mo sì kí gbogbo aládùúgbò tó bá wa sin òkú. Ẹ ṣeun, a ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe fóònù, tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa fún àwọn oníwèé ìròyìn. Mo ti pè, Alhaja. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ omi, ẹ ó ní kí á fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ ó gbé fóònù fún Hàbíbátù, ìyẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé fún mi. Mo wá rò ó pé ohun tí wọ́n bá kà sí yín létí níwájú àwọn ará ilé, ẹ ò ní rí i gbé fún ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tó bà yín lẹ́rù yẹn kò wọ ilé tiwa nìkan. Bùrọ̀dá sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ilé l'Ọ̀fà ló ti gbọ́ ọ lórí fóònù tí wọ́n sì ti da kọlórìnì tí wọ́n fi ń pa àrùn inú omi nù. Kí àwọn náà bá wa gbọ́ èsì rẹ̀.

Òtútù ti tún dé. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí mo lè di òtútù ibí mú kí n dá a. Mo máa ń wọ aṣọ lé aṣọ títí màá fi rí bí àpò ìrẹsì, síbẹ̀ imú mi kì í gbẹ. Ọ̀sán ò tíì rọ̀ dáadáa tí òòrùn á ti wọ̀. Mo rí ànàmọ́ rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ kan, inú mi dùn, mo sáré gbé e kaná. Ó pọ́n bí ọsàn, ó sì dùn bíi pé wọ́n ti po ṣúgà sínú rẹ̀ láti oko. Alhaja, mo jẹ ẹ́, àmọ́ ọmọ Ọ̀fà kì í ṣi ànàmọ́ mọ̀. Ohun tó wà nínú àwo yẹn kàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni. Mo jókòó ti àwo náà, mo ń ronú ilé.

Ibi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú ilé ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n fi òrùlé bò ó, wọ́n sì ń mú omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí àwọn èèyàn lè máa lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí yìnyín bo ìta. Èmi ni mo ń fọ etí adágún náà, mo ń fọ ilé ìwẹ̀, mo sì ń yẹ omi wò bóyá kọlórìnì inú rẹ̀ kéré tàbí ó pọ̀. Owó rẹ̀ ń jáde déédéé, bí ilé àti iná bá sì ti mú tiwọn tán, èyí tó kù ni ẹ̀ ń rí nílé yẹn. Mi ò ráhùn. Iṣẹ́ tó ń mú èèyàn dúró níbi tó móoru, ẹ̀bùn ni.

Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Bùrọ̀dá pè mí, wọ́n ní Bàbá ti dákẹ́. Mo gbé fóònù kalẹ̀. Mo wọ yàrá kékeré tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ ìnulẹ̀ dí ẹnu mi, mo sunkún. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fún mi ní káàdì kan tí wọ́n ya òdòdó sí, gbogbo wọn buwọ́ lù ú. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá jókòó tì mí, kò sẹ́ni tó pe orúkọ Bàbá. Ẹ mọ̀ pé ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi.

Ojú fóònù yẹn náà ni mo ti rí ohun tí mi ò lóye. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń gbé bókẹ́ẹ̀tì omi wọlé, mo rí Bùrọ̀dá tó ká apá aṣọ sókè, mi ò rí yín. Ẹ̀yin! Láti kékeré mi, kò sí obìnrin tó kú ní àdúgbò wa tí ẹ kì í wẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ fún wa pé ẹ̀sìn fàyè gba ìyàwó láti wẹ ọkọ rẹ̀, àti pé ẹ̀yin àti Bàbá ti jọ ṣàdéhùn, ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, èkejì ló máa wẹ̀ ẹ́. Bàbá á ní kí ẹ ṣàánú òun, pé ẹ máa ń fi agbára họ ẹ̀yìn èèyàn. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wá béèrè ibi tí ẹ wà, Bùrọ̀dá ní ẹ wà nínú yàrá, ẹ ti kọ̀, ẹ ní ọwọ́ yín kò mọ́. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló dà yín lórí rú. Mi ò bi yín mọ́.

Àṣé ohun mìíràn ni. Nígbà tí inú Hàbíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tó ń bì, tó ń ṣu omi, tí wọ́n fi gbé e lọ fà á lómi sára kí ara rẹ̀ tó yá, ni Bùrọ̀dá tó mọ̀. Ìyàwó wọn ló sọ pé láti ìgbà ìsìnkú ni kọlórìnì ò ti kan omi ilé yẹn mọ́, pé ẹ gbé gbogbo ìgò rẹ̀ lọ dà sí gọ́tà. Nígbà tí Bùrọ̀dá dójú lé yín, ẹ bú sẹ́kún. Ẹ ní nígbà tí Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Ìlọrin, ẹnì kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá kí wọn ka ọ̀rọ̀ kan sókè láti inú fóònù rẹ̀, pé omi tí wọ́n bá da kọlórìnì sí máa ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ náà sì ni wọ́n ní ó ń ṣe Bàbá. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín bu omi náà fún wọn láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ ní ọwọ́ tó pa èèyàn, kì í ṣe òun ló máa tún wẹ̀ ẹ́.

Alhaja, nígbà tí Bùrọ̀dá sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, mo jókòó sílẹ̀. Inú bí mi sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó mọ ara rẹ̀. Ẹni tó lọ kí aláìsàn, èso ló yẹ kó gbé dání.

Ṣé ẹ rántí bí oògùn omi ṣe wọ ilé wa? Oògùn omi lẹ máa ń pe kọlórìnì. Ikú Sàlámọ́tù, ẹ̀gbọ́n mi tó tẹ̀lé Bùrọ̀dá, ló mú un wọlé fún wa, kí Ọlọ́run forí jì í. Ọdún tí onígbáméjì jà ni. Ó jí láàárọ̀, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní inú ń run òun. Kò rí alẹ́ ọjọ́ náà. Èmi ṣì kéré, àmọ́ mo rántí pé ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ tí àwọn wolé-wolé dé, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pín kọlórìnì, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe máa dà á sómi. Àwọn kan gbà á, wọ́n fi fọ aṣọ funfun. Ẹ̀yin gbà á bí ẹni gba ọmọ.

Láti ọjọ́ yẹn, omi kan ò wọlé wa láìrí oògùn omi. Dúrọ́ọ̀mù wa wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bí omi ẹ̀rọ bá yọ, tó ń dà pupa bí omi ọ̀gbàrá, ẹ ó gbà á sínú rẹ̀, ewé máńgòrò á máa já sí i, ẹ ó sì da oògùn yín lé gbogbo rẹ̀ lórí, ẹ ó dé e pa. Ó di ìgbà tó bá rùn dáadáa kí ẹ tó ní kí a bù ú. Ẹ ní òórùn yẹn ni ẹ̀rí pé àrùn ti kú. Bí Bàbá bá ṣe àlùwàlá tán, tí wọ́n dé mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọsibítù ti dé. Bàbá á ní ìyàwó òun ni dókítà ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ibi adágún yẹn, òórùn náà kọlù mí lẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi ń ta mí, omi ń jáde níbẹ̀, síbẹ̀ inú mi dùn, torí ó ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo sọ fún obìnrin tó ń kọ́ wa níṣẹ́ pé omi yín mà mọ́ o, mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òdìkejì rẹ̀ ni. Ó ní kọlórìnì nìkan kì í rùn tó báyẹn. Ìgbà tó bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ àti ìdọ̀tí ara àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló máa ń di ohun mìíràn, ohun mìíràn yẹn ló ń rùn, tó sì ń ta èèyàn lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníkálukú kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó bọ́ sínú omi. Àwọn òyìnbó náà kì í ka ohun tí wọ́n bá kọ sára ògiri, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi adágún náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí omi mímu. Iṣẹ́ kọlórìnì ni kó pa kòkòrò àrùn, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n bó bá bá ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí inú omi, ó máa ń bá wọn pò, wọ́n á sì bí àwọn ohun kan tí ojú ò rí. Mi ò ní parọ́ fún yín pé àwọn ohun náà kò sí, tàbí pé wọn kì í ṣe nǹkan kan. Mo béèrè, mo sì kà nípa rẹ̀ títí orí fi ń fọ́ mi. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí wọ́n bá pọ̀ nínú omi, tí èèyàn sì ń mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá kún ewu jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ọ̀rọ̀ inú fóònù yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kà fún yín, wọ́n sì fi àbọ̀ tó kù sílẹ̀.

Àbọ̀ tó kù nìyí. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo pé omi ló fà á fún un. Bùrọ̀dá padà lọ bi dókítà Bàbá, dókítà ní òun ò lè mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó wá béèrè iṣẹ́ tí Bàbá ṣe. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dà mọ́tò ni wọ́n fín títí wọ́n fi darúgbó, tí wọn kì í fi nǹkan bo imú, tí itọ́ wọn á ní àwọ̀ mọ́tò tí wọ́n kùn lọ́jọ́ náà. Ẹ sì mọ̀ pé Mẹ́kà ló gba sìgá lẹ́nu wọn. Dókítà ní ojú òun kọ́kọ́ máa ń lọ sára irú nǹkan méjì yẹn kó tó lọ sára omi. Mi ò sọ èyí kí n lè di ẹ̀bi ru òkú. Iṣẹ́ ọ̀dà yẹn ló rán wa níléèwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò mọ̀, Alhaja, a ò sì ní mọ̀ láéláé, ohun tí a ò sì mọ̀, ẹ má fi dá ara yín lẹ́jọ́. Ohun tó pa Sàlámọ́tù, ìyẹn ni a mọ̀. Òun náà ló tún fẹ́ wá mú Hàbíbátù.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí àṣìṣe wà, torí àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ètò ni ẹ ò tò bó ṣe yẹ. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi dání lọ síbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú ìyá kan, tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ. Obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín gbé omi oníkáfúrà wá ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì lé e padà. Ẹ ní ṣé orí ìdọ̀tí ló fẹ́ da káfúrà sí. Ẹ ní ìdọ̀tí la kọ́kọ́ ń mú kúrò, lẹ́yìn náà omi, káfúrà ló ń gbẹ̀yìn. Mi ò gbàgbé títí dòní.

Omi ilé náà rí bẹ́ẹ̀. Kọlórìnì ni káfúrà rẹ̀, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin ń dà á sórí ewé máńgòrò, torí àrùn tó pa ọmọ yín ni ẹ̀ ń kánjú pa. Ó yé mi. Ẹnikẹ́ni tó bá sin Sàlámọ́tù á kánjú. Àwọn wolé-wolé náà ò ráyè ṣàlàyé, èèyàn ń kú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa.

Nítorí náà, Bùrọ̀dá, ẹ bá mi gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ fọ inú rẹ̀ títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ mọ́, ẹ sì wá ìdérí tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Bí ẹ̀rọ bá yọ, ẹ jẹ́ kí èyí tó pupa kọ́kọ́ ṣàn lọ sídìí ewébẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Bó bá ṣì dọ̀tí, ẹ lo álọ́ọ̀mù díẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀ kó tòrò, kí ẹ rọra fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ojú rẹ̀ sínú ohun mìíràn, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ má bàa bá a lọ. Ìgbà yẹn ló tó kan kọlórìnì. Kọlórìnì tí wọ́n ṣe fún omi mímu ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti aṣọ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Alhaja, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o. Mo mọ ojú yín, ojú yín lawọ́. Ẹ dé e, ẹ fún un láyè tó ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu níbẹ̀.

Ní ti àwọn ohun tí ojú ò rí yẹn, díẹ̀ nínú wọn máa ń bá ooru lọ bí ẹ bá se omi náà láìdé e, tí fèrèsé ilé ìdáná sì ṣí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá ooru lọ. Èyí tó kù, èédú ló ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èédú ìdáná o, Bùrọ̀dá, ẹ má tíì sáré lọ sídìí àdògán. Èédú kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún omi, inú jọ́ọ̀gì asẹ́mi ni wọ́n máa ń kì í sí. Mo ti fi ọ̀kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, àti èédú tí ẹ ó máa fi pààrọ̀ rẹ̀, torí bó bá ti gbó, kò lè mú nǹkan kan mọ́. Omi tó bá sì ti gba inú èédú yẹn kọjá, kọlórìnì rẹ̀ ti lọ, kò ní olùṣọ́ mọ́. Ìwọ̀nba tí ẹ máa mu lọ́jọ́ kan ni kí ẹ máa sẹ́, nínú ohun tó mọ́. Ẹ̀rọ asẹ́mi ńlá tí ẹ ní ọkùnrin kan ń fi gbohùngbohùn polówó kiri àdúgbò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kan tí kò sí álọ́ọ̀mù, tí jọ́ọ̀gì bàjẹ́, tí kò sí gáàsì, ẹ da kọlórìnì sí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka lẹ́tà yìí l'Ọ̀fà, ẹ bá mi gbọ́ ibí yìí dáadáa. Ewu tí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé, tí ó sì lè má dé rárá, ẹ má torí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún èyí tó ń pa ọmọ láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́.

Alhaja, ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló sì gbé mi kúnlẹ̀. Bùrọ̀dá ní nígbà tí ìyá alákàrà òdìkejì títì kú, wọ́n wá bá yín pé ta ni kí àwọn pè nígbà tí ẹ̀yin wà nínú opó. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn títí láé, pé bí ẹ bá tiẹ̀ jáde opó, ẹ ò ní fọwọ́ kan òkú mọ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Nítorí Bàbá gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yẹn lọ́sibítù, gbogbo yín rò pé wọ́n ń sùn. Wọn ò sùn. Nígbà tí mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, ohùn wọn ti wálẹ̀ gan-an, wọ́n sọ fún mi pé àwọn gbọ́ ohun tí wọ́n kà, pé kí wọ́n má fi dẹ́rù ba ìyá mi. Mo rò pé èsì àyẹ̀wò ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń fún àwọn níbẹ̀ kò ní òórùn kankan, kò sì wọ ọ̀fun àwọn. Wọ́n ní àwọn ti rán Lùkúmọ́nù sílé pé kó lọ bu omi Alhaja wá. Wọ́n wá sọ pé láti ìgbà tí Sàlámọ́tù ti lọ, kò sí ife omi tí ẹ gbé fún àwọn tí àwọn ò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀, pé kò sí ẹlòmíràn tó máa lọ mọ́ nínú ilé yìí. Mi ò lóye ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ó ti wá yé mi báyìí.

Bùrọ̀dá sì ti sọ bó ṣe parí fún mi. Omi inú ọ̀rá lẹ gbé sí wọn lẹ́nu lọ́jọ́ tí kẹ́ẹ̀gì omi ilé dé, ẹ̀rù ti ń bà yín fún tiwa. Wọ́n yí ojú kúrò. Ẹ tún gbé e wá, wọ́n tún yí ojú kúrò, wọ́n nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tó ti ilé wá. Ẹ̀ ń sunkún, ẹ fi ṣíbí bu omi ilé fún wọn, wọ́n gbé e mì, wọ́n di ọwọ́ yín mú. Omi ìkẹyìn tó wọ ọ̀fun wọn láyé nìyẹn, ẹ sì ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà bí ẹ̀ṣẹ̀. Alhaja, Bàbá mọ ohun tí wọ́n sọ pé ó wà nínú omi yẹn, wọ́n sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá rò pé ọwọ́ kan ló pa òun kì í di ọwọ́ náà mú.

Ẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ yín kò mọ́. Ọwọ́ yín mọ́, Màámi. Ẹ da oògùn omi padà sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ọmọ Lùkúmọ́nù lè rí i mu. Bí ẹ bá sì jáde opó, tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn pé obìnrin kan ti kú ní àdúgbò, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí ẹ tẹ̀lé wọn.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó fi Sàlámọ́tù ṣe ẹlẹ́gbẹ́ wọn níbẹ̀. Kó fún yín ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn títí ìwé mi á fi jáde, tí màá fi wá kúnlẹ̀ níwájú yín, lórí ilẹ̀ tó móoru. Kó dá Hàbíbátù sí fún wa, kó má fi oríṣi ìbànújẹ́ yìí hàn wá mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tó bá béèrè mi àti àwọn tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín tó mu omi yẹn dàgbà,
Bàsírátù.